Eyín Ọmọ Tó Ṣẹ́, Ẹ Má Tíì Ní Kí Wọ́n Yọ Ọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ń dùn mí, torí ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Lọ́dún 2024, ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata ní ká yá òun lówó. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 11, ṣubú lórí sìmẹ́ńtì, eyín iwájú rẹ̀ lókè ṣẹ́ wọnú èrìgì. Àwa ìgbìmọ̀ ní àpò ẹgbẹ́ wà fún àìsàn, ìkómọ àti òkú, eyín kì í ṣe àìsàn. Èmi akọ̀wé sì kọ ọ́: "A kò gbà." Wọ́n lọ yọ gbòǹgbò eyín náà. Lónìí, ọmọ yẹn ń fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín. Kì í pe oníbàárà mọ́. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ ń dún láti ìsọ̀ ata dé ìsọ̀ obì mi tẹ́lẹ̀!

Mo bi dókítà eyín kan lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tó sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní bí orí eyín bá ṣẹ́ lọ sábẹ́ èrìgì, gbòǹgbò tó wà nínú eegun ṣì lè lágbára. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ti jìn sínú, kò síbi tí wọ́n máa gbé orí tuntun lé. Wọ́n á ya fọ́tò eyín náà, wọ́n á fọ inú gbòǹgbò mọ́, wọ́n á dí i. Wọ́n á wá ki ìkọ́ kékeré sí i, wọ́n á so wáyà mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín máa fa gbòǹgbò yẹn bọ̀ síta. Kì í ṣe bí ẹni ń fa gbáàgúdá tu o! Bíi mìlímítà 1 lọ́sẹ̀ ni, kò tó sísanra hóró ìrẹsì. Bó bá yọ tó, wọ́n á so ó ró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó má baà sún padà, kí wọ́n tó fi orí tuntun bò ó. Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe tuntun: Geoffrey Heithersay, dókítà eyín ní Ọsirélíà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1973.

Ẹlòmíì á ní ṣebí eyín àtọwọ́dá wà. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ń rì mọ́ eegun àgbàlagbà láti fi gbé eyín ró, wọn kì í fi fún ọmọdé, torí eegun ẹnu rẹ̀ ń dàgbà, irin ò ní bá a dàgbà. Ibi tí wọ́n sì ti yọ gbòǹgbò, eegun ibẹ̀ á máa joro. Bí gbòǹgbò náà ò tiẹ̀ bá ọmọ dọ́jọ́ alẹ́, kó ṣáà bá a dé ìgbà tó bá dàgbà tán.

Kì í ṣe gbogbo eyín ló ṣeé ṣe fún. Bí gbòǹgbò bá kúrú jù, tàbí tó là gùn, wọ́n á yọ ọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa tá a jókòó sábẹ́ páánù.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wá èyí tó ṣẹ́, ẹ fi sínú mílíìkì tàbí omi tó mọ́. Nígbà míì wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má fi ògógóró tàbí aáṣáà sí i, jàre. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Àwa ará Ẹ̀pẹ́ (ti Rẹ́mọ ni mò ń wí, kì í ṣe ti Èkó), ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ò jìnnà sí wa ní Ṣágámù. Àwọn oníṣẹ́ wáyà eyín sì wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, àti UCH n'Ìbàdàn. Lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ ló pọ̀. Ìyá tó ń tajà lójoojúmọ́, ta ni yóò jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí ẹgbẹ́ fi eyín ọmọ kún ohun tí a ń yáni lówó fún, kí ìyá ọmọ máa san án padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni dá àjọ, kí ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá a tajà lọ́jọ́ tó bá gbé ọmọ lọ. A ń yáni lówó ra aṣọ ẹgbẹ́ o, àbí irọ́ ni mò ń pa? Mo ti kọ ọ́ ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ìyá ọmọ náà ní òun á wá, òun á sì mú un dání.