Ohun Ìdánwò Tí Ọmọ Iṣẹ́ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Kò sí babaláwo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò ní kí ènìyàn lọ rú ẹbọ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ dá Ifá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí dókítà tí yóò fi ọ̀bẹ kan ara aláìsàn láìjẹ́ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ títún rédíò, amóhùnmáwòrán àti fóònù ṣe, kì í ṣe ohun tuntun láti rí ọmọ iṣẹ́ tí yóò gbé irin gbígbóná, tí yóò máa yọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa fi tuntun rọ́pò wọn, títí ẹ̀rọ yóò fi fọhùn tàbí títí owó oníbàárà yóò fi tán. Afọ́jú tí ń ta ọfà sí ẹyẹ ni irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ pa ọ̀kan, kò lè sọ bí ó ti ṣe pa á.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà fi òpin sí àṣà yìí, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Òun ni pé kí ọmọ iṣẹ́ kankan má ṣe fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun ìdánwò kékeré kan, tí yóò sì lè ṣe àlàyé ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àná ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ rédíò wọ inú ilé àwọn ará Èkó. Àwọn ènìyàn tí ó gbọ́ ohùn láti inú àpótí, tí wọn kò sì lè dá a lóhùn, ni ó sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i, tí àwọn tí ń tún wọn ṣe náà sì ń pọ̀ sí i, títí ó fi di ohun tí ènìyàn ń rí lónìí ní ọjà Alábà àti ní ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì tí atúnrédíò-ṣe ń bi í kò tíì yí padà. Èkíní ni pé: ǹjẹ́ ọ̀nà tí iná ń gbà yìí já, tàbí kò já? Èkejì ni pé: ǹjẹ́ dáyóòdù yìí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ó ti kú?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ìgèrè tí àwọn apẹja ń dẹ sínú odò yóò tètè mọ ohun tí dáyóòdù jẹ́. Ẹja lè wọ inú ìgèrè, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹnu rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni dáyóòdù: ó ń jẹ́ kí iná kọjá sí apá kan, ó sì ń dí i lọ́nà ní apá kejì. John Ambrose Fleming, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe èyí tí ó wà nínú gíláàsì ní ọdún 1904. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ ẹ̀yà sílíkọ́nù kékeré tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí dáyóòdù bá bàjẹ́, ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń gbà bàjẹ́: yálà kí ó dí pátápátá, tàbí kí ó ṣí sílẹ̀ ní apá méjèèjì bí ìgèrè tí ìdí rẹ̀ ti ya.

Ohun tí a nílò láti fi ṣe ohun ìdánwò náà kò ju nǹkan bí mélòó kan lọ: bátìrì kékeré mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.5, iná LED pupa kan, rẹsísítọ̀ kan tí agbára ìdènà rẹ̀ jẹ́ 330 òómù, èyí tí a fi ìlà méjì aláwọ̀ ọsàn àti ìlà kan aláwọ̀ búráùn sàmì sí, wáyà pupa kan, wáyà dúdú kan, àti ìṣó tín-ín-rín méjì. A ó to bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn kí agbára wọn lè di fóòtì 4.5. A ó so rẹsísítọ̀ mọ́ orí bátìrì níbi tí àmì àròpọ̀ wà, a ó sì so ìkejì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ gígùn LED. Ẹsẹ̀ kúkúrú LED ni a ó so wáyà pupa mọ́. Ìdí bátìrì, níbi tí àmì àyọkúrò wà, ni wáyà dúdú yóò ti bẹ̀rẹ̀. A ó so ìṣó kọ̀ọ̀kan mọ́ ìparí wáyà kọ̀ọ̀kan, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ike òfìfo kan. Nígbà tí ìṣó méjèèjì bá kan ara wọn, iná pupa yóò tàn. Iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ní ọdún 1827 ni Georg Simon Ohm, ará Jámánì, tẹ òfin rẹ̀ jáde, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí nínú ẹ̀kọ́ físíìsì láìmọ ibi tí yóò ti wúlò fún un. Ibí gan-an ni ó ti wúlò. LED pupa ń jẹ nǹkan bí fóòtì 2 nínú 4.5, ó ku 2.5. Bí a bá fi 330 pín in, a ó rí i pé iná tí ń kọjá kò ju nǹkan bí mílíámpíà 7.5 lọ. Bí iná bá tún gba inú dáyóòdù sílíkọ́nù kọjá, dáyóòdù náà yóò jẹ nǹkan bí fóòtì 0.7, iná yóò sì dín kù sí nǹkan bíi mílíámpíà 5.5. Nítorí náà, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká yóò rí i pé LED ń tàn díẹ̀ kéré sí ti ìgbà tí ìṣó méjèèjì kan ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti rí èyí fúnra rẹ̀ kò tún ní gbàgbé òfin Ohm mọ́.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó dé tí a kò lo gílóòbù tọ́ọ̀ṣì. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì lè gba mílíámpíà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì lè pa dáyóòdù kékeré tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Aláyẹ̀wò tí ń pa ohun tí ó ń yẹ̀ wò kì í ṣe aláyẹ̀wò. Kí ni ó sì dé tí a kò lo bátìrì fóòtì 9? Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ tiransísítọ̀ sílíkọ́nù, fóòtì 5 tàbí 6 ni ìwé àwọn tí ó ṣe wọ́n gbà pé kí ẹnu ọ̀nà tí ó wà láàárín bésì àti èmítà dí mọ. Bátìrì fóòtì 9 lè fi agbára gba ibẹ̀ kọjá, kí iná sì tàn ní apá méjèèjì, kí a wá sọ pé ohun tí ó yè ti kú. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí a ó ti lò ó kò ṣòro. Bí ó bá jẹ́ wáyà ni a fẹ́ yẹ̀ wò, a ó fi ìṣó kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti èkejì sí ìparí rẹ̀. Bí LED bá tàn, wáyà kò já. Bí kò bá tàn, wáyà ti já. Bí ó bá jẹ́ dáyóòdù, a ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wáyà dúdú yóò wà ní apá tí ìlà wà lára dáyóòdù. LED gbọ́dọ̀ tàn. Ní ìgbà kejì, a ó pààrọ̀ wọn. LED kò gbọdọ̀ tàn. Bí ó bá tàn lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìdí ìgèrè ti ya. Bí kò bá tàn rárá, ẹnu rẹ̀ ti dí. Tiransísítọ̀ náà kò ju dáyóòdù méjì tí bésì so pọ̀ lọ lójú ohun ìdánwò yìí, ọ̀nà kan náà ni a ó sì gbà yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin kan wà tí kò ní àwíjàre. A kò gbọdọ̀ fi ohun ìdánwò yìí kan ẹ̀rọ tí iná wà lára rẹ̀. Iná mànàmáná tí ń wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230. Nígbà tí dáyóòdù inú ẹ̀rọ bá sì ti yí i padà, ó lè di nǹkan bíi fóòtì 325 nínú kapásítọ̀ ńlá, kapásítọ̀ náà sì lè pa á mọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti yọ wáyà lára ògiri, ewu ti kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni ó gbọ́dọ̀ fi bí a ti ń tú iná inú kapásítọ̀ dànù han ọmọ iṣẹ́, ẹni tí ọ̀gá kò bá sì tíì fi hàn kò gbọdọ̀ dá a dán wò. Ó tún yẹ kí a yọ ẹsẹ̀ kan dáyóòdù kúrò lára ẹ̀rọ kí a tó dán an wò, nítorí iná lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá, kí ó sì tan ẹni tí ń wò ó jẹ.

Àwọn kan yóò wí pé asán ni gbogbo làálàá yìí. Wọn yóò ní mítà wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Ó ń ka fóòtì, ó ń ka òómù, ó sì ń yẹ dáyóòdù wò. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ohun ìdánwò tí a fi ọwọ́ ṣe kò sì lè gba ipò mítà. Kò lè ka iye. LED rẹ̀ yóò ṣì tàn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdènà tí ó tó 1000 òómù bá wà lójú ọ̀nà, nítorí náà ojú ìsopọ̀ tí kò dára lè gba ìyìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sì lè mọ̀ bí wáyà inú kọ́ìlì kan bá ti kan ara wọn níbi tí kò yẹ.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀ wà. Ọmọ tí ó ṣe ohun ìdánwò fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ó ti lè parọ́, nítorí òun ni ó ṣírò iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ tí a gbé mítà lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní rò pé mítà kò lè ṣìnà. Bí mítà bá kọ 0.6 síwájú rẹ̀ nígbà tí ó ń yẹ dáyóòdù wò, kò mọ̀ pé fóòtì ni ó ń kà, kò sì mọ ibi tí fóòtì náà ti wá. Ó ní irinṣẹ́, kò ní ìmọ̀. Kí a fún ọmọ ní mítà lẹ́yìn tí ó ti ṣe tirẹ̀, yóò lò ó bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí a fún un ṣáájú, yóò di ẹrú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sórí ìmọ̀ nìkan; ó kan òtítọ́ pẹ̀lú. Bí ìyá aláta kan bá gbé fóònù rẹ̀ wá pé kò gba iná mọ́, ó lè jẹ́ pé wáyà tí ó fi ń gba iná sí i ni ó já. Atúnṣe tí kò yẹ nǹkan kan wò yóò tú fóònù náà, yóò pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, èrè ọjà bí ọjọ́ mélòó kan yóò sì lọ. Ẹni tí ó ní ohun ìdánwò lọ́wọ́ yóò fi ìṣó méjì kan wáyà náà níṣojú oníbàárà, yóò sì wí pé, “Ìyá, ẹ wò ó, iná kò tàn. Wáyà yín ni ó já, kò sí ohun tí ó ṣe fóònù yín.” Ìyá náà kò ka ìwé físíìsì, ṣùgbọ́n yóò rí i pé iná kò tàn, yóò sì mọ̀ pé a kò rẹ́ òun jẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò mú oníbàárà mẹ́wàá mìíràn wá.

Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sọ ọ́ di òfin, kí àwọn olùkọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama sì fi í ṣe iṣẹ́ àṣesílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò ní gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yẹ ẹ̀rọ wò kí ó tó gbé irin, owó oníbàárà kò ní ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rere yóò sì máa jẹ́ tirẹ̀.