Òwò Áísìkirìmù àti Owó Orúkọ

Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Cold Stone ní Victoria Island, ní Èkó, yóò bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tò síwájú gíláàsì, tí wọ́n ń wo bí a ti ń po áísìkirìmù lórí òkúta tútù. Lójú ẹni tí ń rà á ni a ti ń po bísíkíìtì, ẹ̀pà tàbí ṣokoléètì mọ́ ọn. Ohun tí ó mú wa kọ̀wé kì í ṣe adùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ dùn. Bí òwò náà ti ń gbilẹ̀ ni, àti ẹni tí èrè rẹ̀ ń tọ̀ lọ.

Tọkọtaya kan, Donald àti Susan Sutherland, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988 ní ìlú Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1995 ni ẹlòmíràn kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti ṣí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó gba àṣẹ yóò wá owó tirẹ̀, yóò gba ilé, yóò ra ẹ̀rọ, yóò sì gba òṣìṣẹ́. Ohun tí onílé-iṣẹ́ yóò fún un ni orúkọ, ìlànà àti ẹ̀kọ́. Nítorí èyí, yóò san owó ìwọlé, yóò sì máa san ìdá kan nínú gbogbo ohun tí ó bá tà, ìbáà jèrè, ìbáà má jèrè.

Ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ wa yóò sin ọ̀gá rẹ̀ títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé, yóò gba fíríídọ̀ọ̀mù, yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sára pátákó. Ẹni tí ó yá orúkọ lò kì í gba fíríídọ̀ọ̀mù. Pátákó náà kì í di tirẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ín lè tà á. Ní ọdún 2007 ni Cold Stone dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Kahala. Nígbà tí ó di ọdún 2016, MTY ti ilẹ̀ Kánádà ra Kahala tọwọ́tẹsẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Eat'N'Go ni ó gbé e wá sí Nàìjíríà ní ọdún 2012, òun pẹ̀lú Domino's tí ń ta písà. Ó sábà máa ń fi àwọn méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan, kí ẹni tí ó wá jẹ èkíní lè ra èkejì. Láti Èkó ó dé Ìbàdàn, Àbújá àti Port Harcourt, títí àpapọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 2021 ó nasẹ̀ dé Kẹ́ńyà. Inú wa dùn pé láti Èkó ni a ti ń darí òwò tí ó wà ní Nairobi. Ẹ má sì ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Áísìkirìmù kì í dúró de iná mànàmáná. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà tí a pín sí ipò àkọ́kọ́ fò sókè dé ₦225 fún ìwọ̀n kan. Dọ́là kan tí kò tó ₦160 ní ọdún 2012 ti kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024.

Àwọn kan yóò ní kí a lé wọn lọ. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé, kí ló dé tí kò sí orúkọ kan tí àwa náà fi ń gbowó lọ́wọ́ ará Arizona? A kúkú ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Láti ọdún 1986 ni UAC ti dá Mr Bigg's sílẹ̀, tí ó sì yá àwọn ẹlòmíràn ní orúkọ náà káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ wo ni kò fẹ́ kí a mú òun lọ síbẹ̀ nígbà náà? Ní ọdún 2011, Famous Brands ti South Africa ra ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ oúnjẹ náà, ògo ìgbà náà kò sì padà. Lójú tiwa, àmójútó ni ó kùnà. Bí ìtọ́wò ẹ̀ka kan kò bá bá ti èkejì mu, kí ni ẹni tí ó yá orúkọ ń sanwó lé lórí?

Orúkọ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ sì. Fan Milk, tí ará Denmark kan, Erik Emborg, bẹ̀rẹ̀ ní Accra ní ọdún 1960, tí ó sì dé Ìbàdàn láìpẹ́ sí i, fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé áísìkirìmù dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa, ní iye tí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ lè san. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wàrà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò ní ilẹ̀ yìí ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá.

Ní oṣù keje ọdún 2019, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun kò ní fún àwọn tí ń kó wàrà wọlé ní dọ́là mọ́. Kí oṣù kejì ọdún 2020 tó parí, ó ti yọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ mẹ́fà. Ta ni yóò bá a wí? Màlúù kò mọ ìwé àṣẹ. Koríko, omi àti ìtọ́jú ni ó mọ̀. Láti ọdún 2010 ni FrieslandCampina WAMCO, tí ó ń ṣe wàrà Peak, ti ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti Fáṣọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Màlúù darandaran kan kì í sábà fún ni ju lítà kan tàbí méjì lọ lóòjọ́. Ti ilẹ̀ Holland ń fún ni ju ogún lítà lọ.