Kì í Ṣe Gbogbo Òkúta Roboto Ni Ẹyin

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ kan, ọmọ ilé wa kan tí ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Gòmbè gbé òkúta kan tí ó fi aṣọ funfun wé wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ní ẹyin ẹranko ayé àtijọ́ ni, pé owó iṣẹ́ oṣù méjì ni òun fi rà á lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri rẹ̀, àti pé òyìnbó tí yóò rà á ni òun ń wá. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Yangí tí ó dì roboto ni, kò sí èèpo ẹyin kankan lára rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n inú bí mi pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ kò jìnnà sí ibi tí ó ń gbé, àwọn ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá lójoojúmọ́.

Fọ́sílì ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ó ṣẹ́kù lára ẹ̀dá alààyè tí ó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ilẹ̀ sì pa á mọ́ sínú òkúta: eegun, eyín, ìkarahun, igi, àní ojú ẹsẹ̀ pàápàá. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń ṣòwò ní Píńdígà àti Àṣákà, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òkun ni ó bo ibẹ̀ ní nǹkan bí 94 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Omi gba àfonífojì Bẹ́núé gòkè láti gúúsù, ó sì pàdé èyí tí ó gba Sàhárà wá láti àríwá. Láti 1911 ni àwọn ìkarahun ìhà ibẹ̀ ti wọ inú ìwé tí Falconer kọ nípa ilẹ̀ Àríwá. Ní 1957, W. Barber tún kọ ìwé kan lórí wọn. Ní ìhà Sókótó, eegun ẹranko òkun ńlá kan tí ó jọ alégbà jáde nínú ilẹ̀. Swinton ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1930. Nígbà tí ó di 1972, wọ́n fi orúkọ ìlú Gòróńyò sọ ọ́, wọ́n ń pè é ní Goronyosaurus.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú? Kí á tó wo nǹkan náà rárá, kí á wo irú òkúta tí ó ti jáde. Akọ òkúta bí ti Jos, tàbí Olúmọ wa ní Abẹ́òkúta, inú ooru gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti dì. Kò sí ìgbín tí ń gbé inú iná. Inú òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, inú yanrìn tí ó dì, àti inú amọ̀ líle tí ń ṣí lábala lábala bí ojú ìwé ni kí á máa wò. Òkúta ẹfun Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ìkarahun òkun wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí á wá wo ètò ara rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ìhà Píńdígà ni ámónáìtì, ẹ̀dá òkun tí ó ká bí okùn tí a ká jọ. Ẹni tí kò bá wò ó fínnífínní yóò pè é ní ìgbín. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni inú ìkarahun ìgbín láti ẹnu dé ìdí. Ti ámónáìtì jẹ́ yàrá púpọ̀ tí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ pín níyà. Ibi tí àwọn ògiri náà ti kan èèpo ni ó ń hàn lára òkúta bí ìlà wíwọ́, bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ rán an. Bí ẹ bá rí ìlà yìí, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ti eegun yàtọ̀. Ojú ibi tí ó ti kán ni kí ẹ wò, nítorí pé eegun a máa ní ihò wẹ́wẹ́ bí inú búrẹ́dì. Àwọn kan a máa fi ahọ́n kàn án, wọ́n ní bí ó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, eegun ni. Ṣùgbọ́n amọ̀ gbígbẹ náà a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Àwọn aboyún wa tí ń jẹ amọ̀ kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Igi tí ó ti di òkúta a máa fi iṣan igi hàn, síbẹ̀ ó wúwo, a sì lè fi í ha dígí.

Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni àwòrán dúdú tí ó yọ ẹ̀ka bí ewé lójú òkúta. Kì í ṣe ewé. Omi tí ó ní èròjà irin tàbí máńgánísì ni ó wọ inú ibi tí òkúta ti là, tí ó sì gbẹ síbẹ̀. Ẹ wá igi àárín ewé níbẹ̀, ẹ kò ní rí i. Òkúta roboto mìíràn a sì máa sán bí ẹ̀yìn ahun, wọn a sì tà á fún ẹni tí kò mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ahun. Síbẹ̀, kí á má fi ìkánjú sọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ nù, nítorí pé nígbà mìíràn ìkarahun tòótọ́ ni ó dì yí ká.

Edùn àrá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní àáké tí àwọn ènìyàn fi òkúta gbẹ́ kí irin tó dé ni. Àwọn oníṣàngó ní ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí, èmi kò sì bá wọn jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀dá abẹ̀mí, nítorí náà kì í ṣe fọ́sílì. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1979 kò sì gbà kí á gbé irú rẹ̀ kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni a ó jẹ nínú èyí, nígbà tí ọjà kò tà. Èsì mi ni pé àwa náà ni a ń pàdánù rẹ̀. Eegun ẹ̀yà àbùùbùtán kan tí a rí ní ilẹ̀ Ìgbò, tí Andrews ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1920, Lọ́ńdọ́nù ni ó wà títí di òní, orúkọ Lugard ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Bí àwa tí a ń gbé lórí ilẹ̀ náà kò bá dá a mọ̀, ta ni yóò bá wa fi í pamọ́?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ohun tí ó fura sí, kí ó má fi òòlù fọ́ ọ. Kí ó kọ orúkọ abúlé, ìhà tí kòtò náà wà àti ọjọ́ tí ó rí i sínú ìwé, kí ó sì fi wé e, nítorí pé fọ́sílì tí a kò mọ ibi tí ó ti wá ti sọ ìdajì iyì rẹ̀ nù. Kí ó gbé e lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì tí ó súnmọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ eegun ńlá ni, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó lọ pè wọ́n wá.

Ní ti káfíńtà wa, kò rí ẹni tí ó ta ẹyin náà fún un mọ́. Ó ti fi í há ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, kí afẹ́fẹ́ má baà máa tì í.