Swíìṣì Ọkọ̀ Tó Ti Gbó

 

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn nínú oṣù yìí ti ọwọ́ ọmọ wa obìnrin kan wá láti Ìbàdàn. Ó ní bàbá ọkọ òun fi ọkọ̀ Volkswagen kan ta àwọn lọ́rẹ, irú èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná iwájú rẹ̀ a máa ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Bí òun bá sì fọwọ́ kan orí swíìṣì iná náà, ó máa ń gbóná. Rìwáyà tí wọ́n pè wá wò ó ní àfi kí àwọn tú gbogbo wáyà ọkọ̀ náà dànù kí àwọn fi tuntun sí i. Owó tí ó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ìwé ọmọ méjì fún ọdún kan. Ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn kúkú tà á. Obìnrin yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ yìí ni ó fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ó sì tún fi ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Àti pé ojú wo ni àwọn yóò fi wo bàbá?

Ọmọ mi, ẹ má tí ì tà á, ẹ má sì tí ì tú wáyà kankan. Swíìṣì tó ń gbóná yẹn ti fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Inú swíìṣì kò ṣòro láti mọ̀. Pẹlẹbẹ bàbà méjì ló wà níbẹ̀. Bí a bá fa orí swíìṣì, ọ̀kan a fara kan èkejì, iná a sì rí ọ̀nà kọjá. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pàdé tàbí tí wọ́n bá pínyà, iná kékeré kan a máa ta pàrà láàrin wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú bàbà náà a jó, a dú bí ìdí ìkòkò, a sì yọ ihò wẹ́wẹ́. Iná ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ti di tóóró, èyí tí kò bá sì rí ọ̀nà kọjá a di ooru sínú swíìṣì. Gílóòbù iwájú Ìjàpá sábà máa ń jẹ́ 45 wáàtì ní ẹyọ kan. Bí méjèèjì bá ń tàn lórí bátìrì 12 fóòltì, iná tó ń gba inú swíìṣì kan ṣoṣo tó ámpíà 7.5. Bí ojú bàbà dúdú yìí bá gba fóòltì 1.5 péré lọ́wọ́ wọn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, swíìṣì yóò sì máa gba ooru bíi wáàtì 11 sára. Ẹ rí i pé kò yẹ kí ó yà yín lẹ́nu pé ó ń gbóná.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Ìjàpá ìyá mi ni mo ń wà nígbà náà, mo sì ní kí rìwáyà kan bá mi fi iná méjì mìíràn sí iwájú rẹ̀, 55 wáàtì ní ẹyọ kan. Fáàrí lásán ni. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà rí bí ọkọ̀ eré ìje. Ó so wọ́n mọ́ swíìṣì àtijọ́ náà, n kò sì béèrè bóyá ó lè gbé e. Swíìṣì tó ń ru 90 wáàtì di ẹni tó ń ru 200. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, láàrin Ìkirè àti Ifẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn lẹ́yìn, mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, iná iwájú sì kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òkùnkùn náà kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ agbépo kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fun fèrè kíkankíkan. Bí mo ṣe rí etí ọ̀nà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó yẹ kí rìwáyà ṣe nìyí, kí ẹ sì dúró tì í. Kí ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (−). Kì í ṣe pé kí ó pa kọ́kọ́rọ́ nìkan, nítorí wáyà kan wà lẹ́yìn swíìṣì yìí tí iná wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, yálà kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọkọ̀ tàbí kò sí. Àwọn ará Jámánì kọ nọ́ńbà sí ẹnu swíìṣì náà: 30 ni iná tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá, 56 ni èyí tó ń lọ sí iwájú, 58 ni ti iná ẹ̀yìn. Kí ẹ kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó yọ ọ́.

Bí swíìṣì bá ti jáde, kí ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí ó tó ṣí i. Sípíríìnì kékeré máa ń wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì fò jáde, àfi kí gbogbo ará ilé máa fi ìkúnlẹ̀ wá a. Kí ó fi sáńpépà tó kúnná jù lọ ha ojú bàbà náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n. Kí ó má fi ayùn irin há a o, nítorí bàbà náà fẹ́lẹ́. Kí ó fi sípíríìtì nù ún, kí ó fi fasilíìnì díẹ̀ kíún sí ibi tó ń yí, kí ó sì fún ẹnu wáyà tó ti dẹ̀ pọ̀ kí ó le. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnu wáyà tó dẹ̀ yìí gan-an jẹ́ ọ̀daràn, tí a wá ń di ẹ̀bi ru swíìṣì.

Bí ike inú rẹ̀ bá ti yọ́, ẹ má tún un ṣe. Ẹ ra òmíràn. Wọ́n to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó láti 1975, Mẹ́síkò sì ṣe é títí di 2003. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe jákèjádò ayé, nítorí náà swíìṣì rẹ̀ kò tí ì di ohun àwátì.

Nígbà tí ó bá ti dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ó tan iná, kí ó fi ẹnu míítà kan sí 30, kí ó fi èkejì sí 56. Bí míítà bá kà ju fóòltì 0.3 lọ, iṣẹ́ kò tí ì parí. Ẹ tún ní kí ó fi ríléè sí i. Ríléè ni yóò máa ru ẹrù iná iwájú. Swíìṣì yóò kàn máa pàṣẹ fún un ni, pẹ̀lú iná tí kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ámpíà lọ. Ìbá ṣe pé mo ti mọ èyí ṣáájú alẹ́ ọjọ́ Ìkirè yẹn!

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun gé swíìṣì sọnù kí òun so wáyà méjì pọ̀, tàbí kí òun fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò fíúsì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ ń jókòó. Ẹ gbé ìjókòó náà sókè lónìí, kí ẹ wò ó bóyá ìdérí bátìrì ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, tí àwọn ọmọ sì ń fò sókè fò sílẹ̀, sípíríìnì ìjókòó lè kan orí bátìrì, iná a sì ṣẹ́yọ. Kí ẹ wá ìdérí fún un kí àwọn ọmọ tó tún wọ ọkọ̀ náà.

Ní ti ọkọ rẹ, má bá a jiyàn. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí o sì pè é wá wo inú swíìṣì náà nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, kí o sọ bí ojú bàbà náà ti rí.