Adènà-Iná inú Kàpásítọ̀ àti Orúkọ tí ó ń Ṣini Lọ́nà

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń gbọ́ nípa rọ́bà, dígí àti bébà nínú kíláàsì Físíìsì ni pé iná mànàmáná kì í gba inú wọn kọjá. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tí ó ń fi Yorùbá ṣàlàyé fi ń pè wọ́n ní adènà-iná. Orúkọ náà bá iṣẹ́ wọn lára wáyà mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá kan kàpásítọ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ méjì tí ó kọjú síra láìfarakanra, tí ó sì ń tọ́jú ṣáàjì, wàhálà dé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé bí dígí bá wà láàárín irin méjèèjì, ṣáàjì tí wọ́n lè gbà yóò dín kù. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́.

Michael Faraday ti fi èyí hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1837. Ó lo ohun èlò méjì tí ó bára dọ́gba. Èyí tí ó fi imí-ọjọ́ sí nínú gba ṣáàjì ju èyí tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú adènà-iná kò lè kúrò nídìí átọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sún díẹ̀, bí ewúrẹ́ orí ìso ṣe ń nàgà sí ewé dé ibi tí okùn rẹ̀ mọ. Sísún yìí ni ó ń dín agbára àárín irin méjèèjì kù. Bí adènà-iná kan bá lè sọ àyè ṣáàjì di ìlọ́po mẹ́ta, tí a sì ti yọ bátìrì kúrò kí a tó fi í sí i, ṣáàjì kò ní yí padà, fóòtì 12 ni yóò di 4. Bí bátìrì bá ṣì wà níbẹ̀, fóòtì yóò dúró ní 12, ṣáàjì ni yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó há fọ́múlà sórí lásán kì í mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí.

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá ni kò tó iṣẹ́ náà. Àṣìrò ni. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé Yorùbá ṣe é fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ya 'insulator' sọ́tọ̀ kúrò lára 'dielectric'. 'Amáyègbòòrò' ìbá tọ́ sí èkejì, bí olùkọ́ bá ti lè là á yé ọmọ pé àyè ṣáàjì ni, kì í ṣe àlàfo irin.

Kí olùkọ́ṣẹ́ tún wá kàpásítọ̀ fáànù àjà tí ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti rí i dájú pé kò sí ṣáàjì kankan nínú rẹ̀ mọ́, kí ó là á níṣojú kíláàsì, kí wọ́n rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká sínú rẹ̀.