Olú Inú Igbó àti Tákàdá Wa

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ohun ìtìjú kan ń bẹ lára ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí: èdè tiwa ni, ọ̀rọ̀ tiwa ni, ṣùgbọ́n òkè òkun ni tákàdá rẹ̀ ti wá.

Kì í ṣe pé igi wọ́n wa. A ti gbin gmelina sí igbó Ọmọ nítorí tákàdá, a sì kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Ìwópin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó ti pẹ́ tí ìró ẹ̀rọ ibẹ̀ ti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá sì fi ẹ̀rọ lọ igi kí ó rò bí ògì, owó iná ni yóò kọ́kọ́ bá a jà.

Láti ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí igi ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní Madison, ti bẹ olú ní ọ̀wẹ̀ sí iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn oníléeṣẹ́ tákàdá. Ọmọdé wa pàápàá mọ̀ pé igi tí olú ti jẹ a máa fọ́ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n yàn, Ceriporiopsis subvermispora, a máa jẹ lignin tí ó lẹ fọ́nrán igi pọ̀ bí àtè, a sì dá púpọ̀ nínú fọ́nrán náà sí. Wọ́n gé igi wẹ́wẹ́, wọ́n fi oruku omi gbígbóná sè é, wọ́n jẹ́ kí ó tutù, wọ́n sì fi olú sí i. Gíráàmù 5 péré tó fún tọ́ọ̀nù igi kan, bí a bá fi omi tí a rẹ àgbàdo sí bọ́ ọ, èyí tí í ṣe ìbátan omidùn ilé gbogbo ológì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ láti lọ igi náà dín ní nǹkan bí 30 nínú 100.

A kò wí pé kò ní ìnira. Òkìtì igi náà a máa gbóná. Bí a kò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, olú yóò kú. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn yunifásítì wa pé kí wọ́n wá olú igbó tiwa tí ó lè fara da ooru, kí wọ́n sì dán an wò lára gmelina. Ẹ̀yin ìjòyè tí ilẹ̀ igbó wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí a fi gbogbo igi náà la pákó tán kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹni tí ó ń ra tákàdá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ tí olówó bá kọ̀ láti tà, ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ yóò pa mọ́.