Àánú Nìkan Kò Tó Gba Ẹṣin Aláìsàn

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú a máa yọ ẹṣin kékeré, irú èyí tí kì í sábà ga ju íńṣì 34 lọ, nínú ìyà, wọn a sì wá ẹni tí yóò gbà á tọ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹrù tó fẹ́ gbé. Àwọn ẹṣin kékeré mìíràn jogún àbùkù tó ń mú kí ẹsẹ̀ wọn wọ́, kí eyín sì há mọ́ra lẹ́nu wọn. Èyí tó bá sanra jù lè ní àrùn pátákò, tí yóò fi máa rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún. Bí kò bá sì jẹun, ọ̀rá lè kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sì pa á. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn koríko fún un, kí wọ́n sì máa gé pátákò rẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní ọmọ ènìyàn ló yẹ ká ná owó irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lé lórí. Òótọ́ ni pé ènìyàn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ènìyàn náà ló ń yan akọ àti abo pọ̀ kí ẹṣin lè máa kéré sí i. A kò lè wá pa á tì nígbà tí àìsàn dé. Àwọn mìíràn ní bí àyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ gba ẹṣin bá le jù, ẹṣin kò ní rí ilé. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbà tí wọ́n tún kọ̀ sílẹ̀ ti jìyà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè lò ju ọdún 25 lọ láyé. Ẹni tí kò bá lágbára owó dókítà ẹranko, kó fi ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú wọn; kó má gba ẹṣin.